X-ray, Ultrasound, CT Tàbí MRI: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Wọ́n Ní Kó Lọ Ya Àwòrán Inú Ara

Nígbà tí dókítà bá sọ pé kí a lọ ya àwòrán inú ara, ìwé pélébé kan ló sábà máa ń kọ lé wa lọ́wọ́. Orúkọ àyẹ̀wò wà lórí ìwé náà, ẹ̀yà ara tí wọ́n fẹ́ wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni àlàfo kékeré kan wà tí dókítà ń kọ ohun tó ń wá sí. Àlàfo yẹn ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù nínú ìwé náà, nítorí kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń rí gbogbo nǹkan. X-ray tí eegun kò lè fara pamọ́ fún lè wo orúnkún tí iṣan ti já nínú rẹ̀ kó sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ultrasound tó ń rí òkúta inú àpò òróòro kedere kò lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ tó lágbára jù tàbí èyí tó wọ́n jù ló yẹ kí a máa béèrè. Ohun tí a ń wá ló ń yan ẹ̀rọ tí a ó fi wá a.

Ẹni tó ń ti ilé wá ṣe àyẹ̀wò, tí yóò sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà, ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, tàbí tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ lójijì, yàtọ̀ pátápátá. Kò sí àyè ìfiwéra níbẹ̀. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran

X-ray ló ti pẹ́ jù nínú wọn. Wilhelm Röntgen, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló ṣàwárí ìtànṣán náà ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, kí ọdún yẹn sì tó parí ó ti fi ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Nínú àwòrán náà, eegun ìka hàn ketekete, òrùka tó wà ní ìka náà tún hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹran ara tó yí eegun ká kò ju òjìji lásán lọ. Gbogbo ohun tí X-ray lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ló ti wà nínú àwòrán kan ṣoṣo yẹn. Ohun tó bá le, bí eegun, irin àti àwọn òkúta kan, máa ń dí ìtànṣán lọ́nà. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró máa ń jẹ́ kó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú rẹ̀.

Ìtànṣán kan náà ni CT ń lò, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni bó ṣe ń lò ó. X-ray dà bí ìwé tí bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí a pa dé, tí a wá gbé sójú ìmọ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ inú gbogbo ewé rẹ̀ yóò gorí ara wọn. CT ń yí ara ká, kọ̀ǹpútà sì ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, débi tí dókítà fi lè rí ohun tó wà lẹ́yìn ọkàn láìjẹ́ pé ọkàn fúnra rẹ̀ dí i lójú. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí wo ọpọlọ aláìsàn kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Godfrey Hounsfield tó ṣe ẹ̀rọ náà, àti Allan Cormack tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979.

Ultrasound, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní skáànù lásán, kò lo ìtànṣán rárá. Ohùn ló ń lò. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ultrasound sì ń gbọ̀n ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà. Irin iṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ ń fi rin orí awọ ara wa ló ń rán ìró náà wọlé, òun náà ló sì ń gba èyí tó bá ta padà. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da jẹ́ẹ̀lì tútù, tó máa ń mú ènìyàn gbọ̀n rìrì díẹ̀, sórí ikùn kí àlàfo kankan má baà sí láàárín irin àti awọ. Ìdí náà nìyẹn tí gáàsì inú ìfun fi lè bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

MRI ń lo òòfà àti ìgbì rédíò. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní agbára òòfà 1.5 tesla tàbí 3 tesla, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1.5 tesla nìkan ti tó nǹkan bí ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Omi inú ara wa ni ẹ̀rọ yìí gbójú lé: òòfà á to àwọn háídírójìn inú omi náà, ìgbì rédíò á taari wọn kúrò ní ìlà, bí wọ́n bá sì ṣe ń padà sí àyè wọn ni wọ́n ń fi àmì ránṣẹ́. Nígbà tí Raymond Damadian àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ya àwòrán àyà ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1977, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n ní wákàtí márùn-ún. Lónìí, 20 sí 60 ìṣẹ́jú ló sábà máa ń gbà, ó sì sinmi lórí ẹ̀yà ara tí wọ́n ń wò.

X-ray àti ultrasound, àwọn tí a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n wọ́pọ̀ jù, wọn kì í pẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ti tó láì nílò àyẹ̀wò mìíràn. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe arọ́pò ara wọn. Eegun tó dá, ikọ́ tó ti pẹ́ tí ibà bá a rìn, oríkèé tó ti gbó, nǹkan irin tí ọmọdé gbé mì: X-ray ni gbogbo wọn ń wá. Òṣìṣẹ́ á ní kí a bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn, kí a fà èémí sínú, kí a dì í mú. Kí a tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti parí.

Ẹ̀yà ara tó rọ̀ tàbí tí omi wà nínú rẹ̀ ni ti ultrasound: ẹ̀dọ̀, àpò òróòro, kíndìnrín, àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ọmọ inú rẹ̀, gẹ̀gẹ̀ ọrùn, kókó inú ọmú, kórópọ̀n, àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ tí a fura pé ẹ̀jẹ̀ dì sí. Ó tún ní àǹfààní kan tí X-ray kò ní, ìyẹn ni pé ó ń wo nǹkan bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: ọkàn tó ń lù, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, iṣan èjìká tó ń fà bí a ṣe ń gbé apá sókè. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Òṣìṣẹ́ méjì lè wo ikùn kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí èkíní rí ohun tí èkejì kò rí. Bí ara bá sanra, ìró kì í wọlé jìnnà, àwòrán á sì ṣú.

Ìmúrasílẹ̀ fún ultrasound máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nítorí pé ti ikùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ikùn takò ara wọn. Fún àpò òróòro àti ẹ̀dọ̀, a kò gbọ́dọ̀ jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí pé bí a bá ti jẹun tán, àpò òróòro á fún pọ̀, á sì tú omi inú rẹ̀ sínú ìfun, débi pé òkúta tó wà nínú rẹ̀ lè ṣòro láti rí. Fún ilé ọmọ tàbí àpò ìtọ̀, omi tó tó lítà kan ni wọ́n sábà ń ní kí a mu ní nǹkan bí wákàtí kan ṣáájú, kí a má sì tọ̀. Àpò ìtọ̀ tó kún ló ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló sì ń dà bí fèrèsé tí ìró ń gbà wọlé. Nígbà kan tí wọ́n kọ irú rẹ̀ fún mi, ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi níbi tí mo ti gba ọjọ́. Mo ti lọ tọ̀ kí wọ́n tó pè mí, èrò mi sì ni pé ìmọ́tótó ni mo ṣe. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó ti omi, tí mò ń mu, tí mò ń yí ẹsẹ̀ pa dà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè ohun kan ṣoṣo nígbà tí mo bá ń gba ọjọ́ àyẹ̀wò: ṣé kí n jẹun ni tàbí kí n má jẹun, ṣé kí n tọ̀ ni tàbí kí n má tọ̀?

CT tàbí MRI

Ibí yìí ni ìbéèrè pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé MRI jẹ́ ẹ̀gbọ́n CT, pé ẹni tó bá ti lè ṣe MRI kò nílò CT mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. CT ló mọ ẹ̀dọ̀fóró jù, òun ló ń rí eegun tó sán wẹ́wẹ́, òun ló ń rí ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú agbárí, òun ló sì ń rí òkúta kíndìnrín, àní láìlo abẹ́rẹ́ kankan, débi pé ó ṣọ̀wọ́n kí òkúta yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. MRI ní tirẹ̀ ló mọ ohun tó rọ̀ jù: ọpọlọ fúnra rẹ̀, okùn ọpọlọ inú eegun ẹ̀yìn, àwọn rọ́bà tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, iṣan àti okùn tó so oríkèé pọ̀, ilé ọmọ, àti ẹṣẹ́ inú abẹ́ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate. Bí kókó kan bá wà nínú ẹ̀dọ̀ tí CT kò lè sọ irú èyí tó jẹ́, MRI ló sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Àkókò ni ìyàtọ̀ kejì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni CT fi ń ya àwòrán gan-an, bí a bá sì ka gígorí bẹ́ẹ̀dì àti sísọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Òrùka gbàràmù kan tí kò gùn ni ẹ̀rọ rẹ̀, orí tàbí ẹsẹ̀ wa sì máa ń wà níta. Ẹ̀rọ MRI ní tirẹ̀ jẹ́ ihò gígùn. Kí a tó wọlé, wọ́n á gba òrùka, yẹtí, bẹ́líìtì, fóònù, káàdì báńkì, irin tí a fi dì irun àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lọ́wọ́ wa. Wọ́n á fi nǹkan dí wa létí, nítorí ariwo rẹ̀ lè ju 100 dẹ́síbẹ̀lì lọ. Bí ó bá jẹ́ orí ni wọ́n fẹ́ wò, wọ́n á gbé ohun kan bí àkámọ́ sójú wa, wọ́n á fi rọ́bà kékeré kan sí wa lọ́wọ́ pé kí a tẹ̀ ẹ́ bí ara kò bá gbà á mọ́, bẹ́ẹ̀dì á sì rọra wọlé. Ariwo náà kì í ṣe ẹyọ kan: á kọ́kọ́ máa ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gbì-gbì-gbì tí àyà ènìyàn á máa gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá yí orí pa dà díẹ̀ báyìí, apá yẹn bàjẹ́, wọ́n á tún un yà. Ẹni tí inú ihò há a mọ́ kò gbọ́dọ̀ tijú láti sọ ọ́ nígbà tó ń gba ọjọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ẹnu wọn fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà sì lè kọ oògùn tí yóò fọkàn balẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn yóò mú un padà sílé.

Ọ̀rọ̀ irin kò ní àwàdà nínú. Òòfà MRI kì í sinmi, ì báà jẹ́ pé wọn kò ya ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ láti lù sí lára, ẹni tí wọ́n fi irin dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ rẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn inú agbárí, àti ẹni tí èérún irin ti fò sí lójú rí nídìí iṣẹ́ irin, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n máa lé padà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń fi sínú ara lóde òní ni wọ́n ti ṣe kó lè bá òòfà gbé, ṣùgbọ́n ìwé tó ń sọ irú ohun tí wọ́n fi sí ara ẹni ni òṣìṣẹ́ á fẹ́ rí, kì í ṣe ẹnu lásán. Èérún irin ojú ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, torí pé alágbẹ̀dẹ tàbí ẹni tó ń jó irin lè ti gbàgbé rẹ̀ láti ogún ọdún; X-ray ojú kan péré ló sì ń yanjú iyèméjì náà. CT kò ní ìṣòro yìí. Irin kì í léwu nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fọ́n ìlà funfun káàkiri àwòrán.

Bí ẹ bá wá bi mí pé kí n mú ọ̀kan, ìdáhùn mi ni pé kí ẹ ka àlàfo inú ìwé yẹn. Ẹ̀dọ̀fóró, òkúta kíndìnrín, eegun tó dá ní ibi tó díjú, ìfun: CT. Okùn ọpọlọ, orúnkún tó ń yẹ̀, wárápá tí a kò mọ orísun rẹ̀: MRI.

Ìtànṣán: ẹ̀rù tó tọ́ àti èyí tó ti pọ̀ jù

Ultrasound àti MRI kò ní irú ìtànṣán tó lè ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. X-ray àti CT ní in, àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn pọ̀ gan-an. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni millisievert. Inú ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run ni gbogbo wa ti ń gba ìtànṣán lójoojúmọ́, ìpíndọ́gba rẹ̀ fún ẹnì kan ní àgbáyé sì jẹ́ nǹkan bí millisievert 2.4 lọ́dún. X-ray àyà kan jẹ́ nǹkan bí 0.1, ìyẹn bí ọ̀sẹ̀ méjì péré tí a kàn fi wà láyé. CT orí jẹ́ nǹkan bí 2. CT àyà jẹ́ nǹkan bí 6. CT ikùn àti ìbàdí jẹ́ nǹkan bí 8, èyí tó ju ohun tí ènìyàn ń gbà ní ọdún mẹ́ta lọ. Òǹkà wọ̀nyí lè lọ sókè tàbí sílẹ̀, bí ara ẹni àti ẹ̀rọ bá ṣe rí.

Ẹni tó bá kọ X-ray àyà nítorí ìtànṣán, tó wá jẹ́ kí ikọ́ gbé òun mì, kò ṣe ìṣirò náà dáadáa. Ẹni tó sì ń bẹ dókítà pé kó fi CT wo gbogbo ara òun kí ọkàn òun lè balẹ̀, láìsí àìsàn kankan, òun náà kò ṣe é dáadáa, nítorí pé yàtọ̀ sí ìtànṣán, àwòrán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń hú àwọn nǹkan kéékèèké jáde tí kò ní pa ènìyàn lára láé, ṣùgbọ́n tí yóò fa àyẹ̀wò mìíràn lé àyẹ̀wò. Ara ọmọdé ń tètè gba ìpalára ìtànṣán ju ti àgbà lọ, ìdí sì nìyẹn tí ultrasound fi máa ń ṣíwájú CT bí ọmọ bá ní ikùn ríro. Obìnrin tó bá lóyún, tàbí tó kàn ń fura pé òun lóyún, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tí ń mú àwòrán hàn síi

Nígbà mìíràn, wọ́n á gún wa lábẹ́rẹ́ kan kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti kókó lè yàtọ̀ sí ara tó yí wọn ká. Ayodíìnì ló wà nínú ti CT, gadolinium ló wà nínú ti MRI. Ti CT máa ń mú kí ara gbóná lójijì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, débi pé ènìyàn á rò pé òun ti tọ̀ sára. Kò tọ̀, ooru náà kì í sì í pẹ́ lọ. Kíndìnrín ló ń fọ oògùn méjèèjì dànù, nítorí náà wọ́n lè ní kí ẹni tó ti dàgbà, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro rí kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo metformin fún ìtọ̀ ṣúgà ní láti sọ ọ́. Bí kíndìnrín rẹ̀ kò bá dára tó, wọ́n á ní kó dá a dúró fún wákàtí 48 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ CT.

Àsọdùn kan wà tó ti pẹ́ nílẹ̀, pé ẹni tí edé tàbí ẹja kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ ayodíìnì. Ohun tó wà nínú ẹran edé fúnra rẹ̀ ni ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá jà, kì í ṣe ayodíìnì. Ohun tó yẹ kí a sọ fún wọn ni bí irú abẹ́rẹ́ yìí bá ti mú ara wa wú tàbí tó ti há wa léèémí rí.

Àwọn tó ní iṣẹ́ kan pàtó

Mammogram jẹ́ X-ray ọmú. Wọ́n á fi pákó pẹlẹbẹ méjì tẹ ọmú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; ó máa ń dunni, àmọ́ kì í pẹ́, bí a bá sì yan ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé nǹkan oṣù, ìrora náà máa ń dín kù. Kí a má fi páúdà tàbí oògùn abíyá sára lọ́jọ́ náà, nítorí pé èérún rẹ̀ lè hàn lórí àwòrán bí èérún funfun tó máa ń jẹ́ àmì jẹjẹrẹ. Obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó wá fọwọ́ kan kókó nínú ọmú rẹ̀, ultrasound ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àwọn méjèèjì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́, nítorí mammogram ń rí èérún tí ultrasound kò rí, ultrasound sì ń sọ bóyá omi ni kókó kan tàbí ẹran.

DEXA ń wọn bí eegun ṣe ki tó. Ìtànṣán rẹ̀ kéré débi pé kò tó ti ọjọ́ kan tí a fi wà láyé. Òǹkà tí wọ́n ń pè ní T-score ló ń mú jáde: bí ó bá jẹ́ −2.5 tàbí tó rẹlẹ̀ sí i, eegun ti di èyí tó ń tètè ṣẹ́.

PET àti àwòrán eegun tí wọ́n ń fi oògùn onítànṣán yà kò jọ àwọn tó kù, nítorí inú ara ni ìtànṣán tiwọn ti ń jáde wá. Wọ́n á fún wa ní oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀, a ó sì dúró: nǹkan bí wákàtí kan fún PET, wákàtí méjì sí mẹ́rin fún àwòrán eegun. Iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ń ṣe ni àwọn wọ̀nyí ń fi hàn, kì í ṣe bó ṣe rí lásán. Flúóríìnì onítànṣán tí wọ́n sábà ń lò nínú oògùn PET máa ń dín kù sí ìdajì ní ìṣẹ́jú 110, nítorí náà ẹni tó bá pẹ́ dé lè bá a pé oògùn rẹ̀ ti ṣòfò.

Tí ibi báyìí bá ń dùn yín

Ẹ̀yìn ríro ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé òun ni MRI tí kò pọn dandan pọ̀ sí jù. Bí kò bá sí àmì ewu, ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ríro ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí àwòrán kankan. Bí a bá sì yà á, ó ṣeé ṣe kó fi rọ́bà eegun ẹ̀yìn tó yọ síta hàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ẹ̀yìn kò ro rí náà máa ń ní irú rẹ̀. Ìròyìn náà á wá di ẹrù tí ènìyàn á máa gbé kiri. Àmì ewu ni ẹsẹ̀ tó ń kú tàbí tó ń rọ, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí a kò lè dá dúró mọ́, ibi ìjókòó tó kú tipiri, ibà, ara tó ń rù láìnídìí, tàbí jẹjẹrẹ tí a ti ní rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, kí a má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Fún orí fífọ́ tó ti ń wá tó ń lọ láti ọdún pípẹ́, tí dókítà yẹ̀ wò tí kò rí àléébù, àwòrán kì í sábà wúlò. Fún ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ultrasound ni, kì í ṣe X-ray, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òkúta òróòro ni X-ray kò rí. Orúnkún àgbàlagbà tó ń ro nígbà tó bá ń gòkè, X-ray tí wọ́n yà nígbà tó dìde dúró ló máa fi bí eegun ṣe sún mọ́ra hàn. Orúnkún ọ̀dọ́ tó lọ́ níbi eré bọ́ọ̀lù, tó sì ń yẹ̀ lẹ́yìn náà, MRI ló máa rí okùn tó já.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò

Ẹni tó ya àwòrán kọ́ ló máa ń kà á. Dókítà mìíràn tó kọ́ iṣẹ́ àwòrán kíkà ló ń kọ ìròyìn, ó sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí dókítà tó rán wa wá. Nítorí náà, kí a má bínú bí òṣìṣẹ́ bá kọ̀ láti dá wa lóhùn nígbà tí a bi í pé kí ló rí. Ohun tó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn ni àwòrán náà fúnra rẹ̀, lórí díìsìkì tàbí lórí fíìmù, yàtọ̀ sí ìwé ìròyìn, kí a sì tọ́jú rẹ̀. Àmì kóńkó kan lè hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró lórí CT, kí dókítà máa ṣe iyèméjì nípa rẹ̀. Bí ẹ bá gbé CT ọdún méjì sẹ́yìn kalẹ̀, tí àmì náà wà níbẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà tó sì ki, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí èyí àtijọ́ bá ti sọnù, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà sí i ni wọ́n á dá fún yín pé kí ẹ padà wá ṣe òmíràn.